Wọ́n fi mí sí bọ́ọ̀dù àjọ tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́: kí ni iṣẹ́ mi níbẹ̀ gan-an?

Tíṣà Olóko (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà dé láti Alágbàkà, ibi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wa wà, pé ìjọba ti yàn mí sí ìgbìmọ̀ olùdarí àjọ kan tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Irúgbìn, fatiláísà, oògùn kòkó, katakata tí wọ́n ń yá àgbẹ̀, abẹ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ wà. Mẹ́ńbà lásán ni mí o, èmi kọ́ ni alága. Kò sí ọ́fíìsì, kò sí mọ́tò, kò sí owó oṣù. Owó ìjókòó ni, ọjọ́ tí ìpàdé bá wà. Ọ̀gá àgbà àjọ náà wà lọ́tọ̀, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ọdún 29 ni mo fi kọ́ ọmọ girama ní iṣẹ́ ọ̀gbìn kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Òdà, mo sì ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Mo mọ oko. Bọ́ọ̀dù ni n kò mọ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti pe orúkọ mi lórí rédíò, fóònù mi kò sinmi. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá kan fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn: "Màmá, ẹ kú oríire o. Àpò márùn-ún péré lèmi ń fẹ́." Èmi tí n kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ọ́fíìsì ọ̀hún rí! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta oògùn oko. Òun kò sọ púpọ̀, ó kàn ní "ẹ ó rántí wa o," ó wá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ibo ni ọwọ́ mẹ́ńbà bọ́ọ̀dù dé, ibo ni kò dé?

Àgbẹ̀ Ìdànrè

Iṣẹ́ wọn kẹ̀? Wọ́n á jẹ mítípáì, wọ́n á mu málítì, wọ́n á buwọ́ lùwé, ó di ilé.

Ẹ má bínú mà, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Lọ́dún kan, àwa bí ogójì kọ orúkọ fún fatiláísà nínú oṣù kẹta. Wọ́n ní ó ń bọ̀. A fi ìgbàgbọ́ gbin àgbàdo. Ìgbà tí ọkọ̀ fatiláísà máa fi dé, àgbàdo ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀! Kí ni kí n fi fatiláísà ṣe lára àgbàdo tó kù díẹ̀ kí n sè é jẹ? Mo gbà á, mo tà á fún ẹlẹ́fọ̀ọ́. Àjọ yẹn náà ní bọ́ọ̀dù o. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Mẹ́ńbà Àná (Àkúrẹ́)

Tíṣà, ẹ kú oríire. Ẹ má jẹ́ kí Àgbẹ̀ Ìdànrè lé yín sá, àmọ́ kò parọ́ o. Mo ti wà nínú bọ́ọ̀dù irú àjọ bẹ́ẹ̀ rí, ọdún mẹ́ta ó lé oṣù díẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀.

Wọn kò fi yín síbẹ̀ láti pín nǹkan. Ọ̀gá àgbà àtàwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń pín nǹkan. Tiyín ni kí ẹ máa béèrè: ta ló gbà á, ìgbà wo ló gbà á, èló ni, ìwé rẹ̀ dà? Ọjọ́ tí mẹ́ńbà bọ́ọ̀dù bá ti kọ ìwé pélébé pé kí wọ́n kó àpò mẹ́wàá fún Lágbájá, ẹnu rẹ̀ ti di nìyẹn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ bi sítọ́kípà pé àpò dà, nígbà tí ìwé pélébé tiyín wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ìpàdé wa kẹta tàbí ìkẹrin ni wọ́n gbé ìwé síwájú wa pé àpò fatiláísà 600 ti dé ọwọ́ àgbẹ̀. Alága ní ṣé a gbà á wọlé. Gbogbo wa ló ti fẹ́ dáhùn pé a gbà á. Ebi ń pa wá, òórùn ìrẹsì sì ti ń wọlé láti yàrá kejì. Màmá kan wà láàárín wa, ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní orúkọ àwọn tó gbà á. Wọ́n wá a, wọ́n wá a, wọ́n mú un dé. Màmá fi awò sójú, ó ń fi ìka tẹ̀ lé orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé dákẹ́. Ó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, ó ní: "Bàbá yìí ti kú. Mo jẹ ìrẹsì òkú rẹ̀." Kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè.

Lọ́sẹ̀ kejì, àwa mẹ́ta lọ sí sítọ́ọ̀. A kò yọ́ lọ o, a kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà ṣáájú. Àpò yúríà, ọ̀kan lára àwọn fatiláísà, wà lórí ara wọn lábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò. Mo fi ìka tẹ ọ̀kan, ó le bíi bíríkì. Yúríà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tó bá wá jẹ́ pé òjò ń kán sí i lórí, á dì gbagidi. Káàdì tó yẹ kí wọ́n máa kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sí wà níbẹ̀, wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹnì kan sì ti fi rọ́bà pa ìlà méjì rẹ́.

A kò lé ẹnikẹ́ni, a kò gbé àpò kankan. Kì í ṣe iṣẹ́ wa. A ní kí wọ́n kọ ìbéèrè wa sínú mínìtì, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, bó ṣe jáde lẹ́nu wa, kí ìdáhùn rẹ̀ wá ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ohun tó bá ti wọ mínìtì ti di ìwé ìjọba, ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín á rí i. Èyí tí ẹ bá fẹnu lásán sọ, atẹ́gùn ti gbé e lọ kí ẹ tó dé ibi mọ́tò yín.

Wọ́n tún òrùlé ṣe. Ti orúkọ òkú, wọ́n ní àṣìṣe akọ̀wé ni. A ṣì ń bi wọ́n léèrè lọ́wọ́ nígbà tí ìjọba yí padà, wọ́n tú wa ká lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Orí rédíò lèmi náà ti gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe gbọ́ tiyín.

Ẹ tún bi wọ́n nípa ọ́díítọ̀. Ọ̀pọ̀ mẹ́ńbà ló rò pé Ọ́díítọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ ló ń yẹ ìwé owó irú àjọ bẹ́ẹ̀ wò. Rárá o. Abala 125 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ti là á sílẹ̀: àjọ fúnra rẹ̀ ni yóò mú ọ́díítọ̀ láti inú orúkọ tí Ọ́díítọ̀ Àgbà bá kọ fún un. Ọ́díítọ̀ Àgbà á wá sọ tẹnu rẹ̀ lórí ìwé tí ẹni náà bá kọ, ó sì lè yọjú wá yẹ nǹkan wò látìgbàdégbà. Nítorí náà, bí ìwé ọ́díítì kò bá jáde fún ọdún méjì, bọ́ọ̀dù ni kó kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Ọmọ Ẹkìmọgún

Ẹ̀gbọ́n, èló ni owó ìjókòó ọ̀hún? Mò ń béèrè fún ọ̀rẹ́ mi kan ni o 😂

Mẹ́ńbà Àná

Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé nígbà tèmi, tí mo bá yọ owó epo mọ́tò àti owó tí àwọn tó dúró lẹ́nu géètì gbà lọ́wọ́ mi, ó kù tó ìṣáná.

Tíṣà Olóko

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ ìwé pélébé yẹn wọ̀ mí lára, nítorí mẹ́ta ti wà nílé báyìí tí wọ́n ní kí n bá wọn buwọ́ lù.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń ta oògùn oko ńkọ́? Àti èmi fúnra mi, àgbẹ̀ ni mí. Ṣé mo gbọ́dọ̀ ra fatiláísà àjọ náà àbí kí n jẹ́ kó kọjá lójú mi?

Lọ́yà Ọjà Ọba

Màmá, ẹ jẹ́ kí n dá sí èyí. Àfikún Karùn-ún ìwé òfin 1999 ni kí ẹ wò, ibi tí wọ́n kọ ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba sí. Wọ́n ka alága àtàwọn mẹ́ńbà bọ́ọ̀dù àjọ tí òfin ìjọba dá sílẹ̀ mọ́ wọn, ì báà jẹ́ ẹni tí kì í gba owó oṣù. Ìlà àkọ́kọ́ ibẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ sí ibi tí àǹfààní ara rẹ̀ á ti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ jà.

Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ríra oògùn bá délẹ̀, tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà nínú àwọn tó fẹ́ tà, ẹ sọ ọ́ síta pé ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ni. Ẹ dìde, ẹ jáde kúrò nínú yàrá títí wọ́n á fi parí ọ̀rọ̀ náà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú mínìtì pé ẹ jáde, kí wọ́n sì kọ aago tí ẹ jáde. Ẹ má jókòó kí ẹ ní "n kò ní sọ̀rọ̀". Ojú lásán tó láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó sàn kí ẹ ti lọ bá ẹ̀gbọ́n náà nílé báyìí kí ẹ là á mọ́lẹ̀ fún un, kó má baà rò pé ẹ ta á nù lójú ayé.

Ti oko yín, ìlànà yẹn kan náà dáàbò bò yín. Ibi tó ti ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ gbogbo ìgbà má ṣe òwò mìíràn, ó yọ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ máa dá oko yín. Tí ẹ bá fẹ́ ra fatiláísà, ẹ kọ orúkọ bí gbogbo àgbẹ̀ ṣe kọ ọ́, ẹ san iye tí wọ́n san, kí ẹ sì sọ fún bọ́ọ̀dù pé orúkọ yín wà níbẹ̀. Èmi ní tèmi, n kò ní rà á ní ọdún tí mo bá wà lórí àga. Owó àpò mẹ́ta kò tó ẹ̀gàn rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé fọ́ọ̀mù ìkéde dúkìá o. Ẹ ó kọ ọ́ bí ẹ bá ti gba ipò, ní ìparí ọdún mẹ́rin mẹ́rin, àti nígbà tí ẹ bá ń lọ. Oko kòkó bàbá yín á wọ inú rẹ̀.

Bàbá Gíréètì (Ilé-Olújì)

Ẹ̀yin ọmọ yìí ń pe bọ́ọ̀dù bí ẹni ń pe ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tiwa, bí àgbẹ̀ bá gbọ́ "bọ́ọ̀dù", àyà rẹ̀ á já. Bọ́ọ̀dù kòkó ti 1947 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó di ti ìjọba ẹkùn ní 1954, ìjọba àpapọ̀ tún gbà á padà ní 1977, wọ́n wá fagi lé e ní 1986. Àwọn ló ń dá iye lé kòkó. Bí ó bá gbówó lórí lókè òkun, iye tí bọ́ọ̀dù bá dá náà ni wàá gbà. Èrè tó kù ńkọ́? Ẹ lọ wo Cocoa House ní Dùgbẹ̀, 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Ó dára, ó ga. Àgbẹ̀ mélòó ló jókòó nínú bọ́ọ̀dù tó ná owó náà?

Àmọ́ n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Gíréètì wà, ìyẹn yíyẹ kòkó wò láti mọ bó ṣe dára tó. Mo rántí bí gírédà ṣe máa ń bu kòkó nínú àpò, á kà á, á fi ọ̀bẹ là á sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó wo inú rẹ̀. Èyí tó hu olú, ó rí i. Èyí tí kò gbẹ, ó rí i. Bàbá mi á dúró tì í bí ẹni ń retí èsì ìdánwò. Lẹ́yìn 1986, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní owó àti àpò ti di oníkòkó, wọ́n ń ra tútù, wọ́n ń ra gbígbẹ. Kòkó wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ burúkú lókè òkun. Nítorí náà, Tíṣà, ẹ bi àjọ yín bóyá ó ní ẹnì kankan tó ṣì ń la kòkó wò.

Àgbẹ̀ Ìdànrè

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n fatiláísà ni mo bá wá o.

Ọmọ FUTA

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀ Ìdànrè, nítorí mo ti bá àwọn òṣìṣẹ́ ADP, ẹ̀ka ìjọba tó ń kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà tuntun, tó máa ń gun ọ̀kadà lọ bá àgbẹ̀ lóko ṣiṣẹ́ díẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń ka àpò. Ọjọ́ ni kí bọ́ọ̀dù máa kà.

Ẹ wò ó. Òjò Àkúrẹ́ máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Àgbàdo tí a bá gbìn nígbà náà ń fẹ́ fatiláísà NPK ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ó ń fẹ́ yúríà ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Ó túmọ̀ sí pé àpò gbọ́dọ̀ ti wà ní abúlé nínú oṣù kẹta. Kòkó ní tiẹ̀, inú òjò ńlá, láti bí oṣù kẹfà lọ, ni àrùn tó ń sọ èso di dúdú máa ń jà. Oògùn tó ní kọ́pà nínú ni a ń fín sí i, a sì gbọ́dọ̀ fín in kí ó tó ràn, kí a sì tún un fín. Oògùn tó bá dé nínú oṣù kẹwàá, kòkó tó ti dúdú ló wá kí.

Báwo ló ṣe ń pẹ́? Ọdún ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní. Wọ́n á buwọ́ lu bọ́jẹ́ẹ̀tì, àjọ á kọ̀wé béèrè owó, ìwé á máa ti tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, owó á jáde nínú oṣù kárùn-ún bó bá yá. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ pe àwọn agbaṣẹ́ṣe láti wá dá iye. Agbaṣẹ́ṣe á lọ wá owó tiẹ̀. Ká tó wí, ká tó fọ̀, oṣù kẹjọ. Kò sí olè kankan nínú gbogbo èyí o, ìrìn ìwé lásán ni, ó sì ti pa àgbàdo.

Màmá, tí mo bá jẹ́ yín, oṣù kẹwàá ni màá ti bi wọ́n pé ìwé ríra ti ọdún tó ń bọ̀ dé ibo. Nínú oṣù kẹrin, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Tí owó kò bá lè jáde kí òjò tó dé, kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba kí àgbẹ̀ lè ra tiẹ̀ lọ́jà. Ní 2024 tí kòkó kọjá $10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, ẹ fojú inú wo ohun tí igbá kòkó kan tó dúdú sórí igi jẹ́ fún olóko.

Àgbẹ̀ Ìdànrè

Ọmọ yìí, ta ni ìyá rẹ? Kí Ọlọ́run bá mi kẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń pariwo olè, ẹnìkan kò sọ fún mi rí pé tábìlì ló ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé mo ti dárí ji àwọn olè o.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ (Ìsìnkàn)

Ẹ bá wa bi wọ́n lọ́nà tiwa náà. Nígbà tí wọ́n wá kọ orúkọ ládùúgbò wa, wọ́n ní ta ló ni ilẹ̀. Ilẹ̀ ọkọ mi ni. Ọkọ mi, awakọ̀ ni, kò mọ ojú ọ̀nà oko. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ. Fóònù rẹ̀ ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí pé kó wá gba àpò, ó wà ní Benin lọ́jọ́ náà, ó pa á rẹ́. Èmi tí mo ní ọwọ́ líle yìí, n kò sí nínú ìwé. Kí wọ́n máa béèrè pé ta ló ń ro oko, kí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Tíṣà Olóko

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti lọ ìpàdé àkọ́kọ́.

Mítípáì wà lóòótọ́. Àgbẹ̀ Ìdànrè, mo jẹ ẹyọ kan, ẹ forí jì mí.

Orí tábìlì ni wọ́n ti fún wa ní ìwé tó nípọn tó ìwé Bíbélì, wọ́n sì fẹ́ ká gbà á wọlé láàárín wákàtí méjì. Mo na ọwọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀, èmi tí mo ti dúró níwájú kíláàsì lọ́dún 29. Mo ní kí ìwé máa dé ọwọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Alága wò mí, ó ní "ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni." Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán.

Mo sọ nípa ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mẹ́ńbà kan ní ó yẹ kí òun náà sọ ti ọmọ òun. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Nílé, ẹ̀gbọ́n kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ náà, ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀ fún òun.

Ìwé pélébé mẹ́ta yẹn, mo dá wọn padà fún olówó wọn. Ìyá tiwa ní ṣọ́ọ̀ṣì ní mo ti di ńlá.

Mo béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ bí fatiláísà ọdún tó kọjá ṣe wọlé sí. Wọ́n ní ó wà nísàlẹ̀. Mo ní màá dúró. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ọmọkùnrin kan tó gbé e dé, eruku bò ó. Orúkọ wà níbẹ̀, iye àpò wà níbẹ̀, ìbuwọ́lù wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ "ọjọ́ tó dé" sí lókè, funfun báláú ni láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn.

Ó ti wọ mínìtì. Ọ̀gá àgbà ní òun á mú ìdáhùn wá ní ìpàdé tó ń bọ̀, oṣù kẹwàá.

Àgbẹ̀ Ìdànrè

Ẹ jẹ mítípáì kejì mà, ó tọ́ sí yín. Oṣù kẹwàá, ibí yìí náà ni màá ti máa dúró dè yín.